Fullerton: Ilé Ìfìwéránṣẹ́ Tó Di Hòtẹ́ẹ̀lì ní Sìngápọ̀

Orúkọ Hugh Clifford kò ṣàjèjì sí ẹni tó bá mọ ìtàn ìṣèlú Nàìjíríà. Òun ni gómìnà wa láti 1919 di 1925, abẹ́ òfin rẹ̀ ti 1922 sì ni àwọn ará Èkó ti kọ́kọ́ dìbò yan aṣojú mẹ́ta sí ìgbìmọ̀ aṣòfin. Clifford yìí kan náà ló ṣí ilé Fullerton ní Sìngápọ̀ ní oṣù kẹfà 1928. Ó tún ní èbúté kan nítòsí ibẹ̀ tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ láti 1933.

Ẹnu odò Sìngápọ̀ ni ilé náà wà. Odi ológun ni wọ́n kọ́kọ́ mọ síbẹ̀ ní 1829, kí àgbá rẹ̀ lè máa ṣọ́ àbáwọlé odò, wọ́n sì fi orúkọ gómìnà Robert Fullerton pè é. Wọ́n wó odi náà nígbà tó yá, orúkọ rẹ̀ ló ṣẹ́ kù. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí ilé tuntun ní 1924. Keys and Dowdeswell, àwọn ayàwòrán ilé láti Shanghai, ló to òpó gàgàrà yí i ká.

Ilé ìfìwéránṣẹ́ àgbà ló gba ìsàlẹ̀. Káńtà rẹ̀ gùn tó nǹkan bí mítà 90, wọ́n sì la ihò abẹ́ títì gba ibẹ̀ lọ sétí omi, kí àpò lẹ́tà lè tètè dé ọkọ̀. Ibẹ̀ náà ni wọ́n fi ṣe òdo tí wọ́n ti ń ka máìlì gbogbo ọ̀nà erékùṣù náà. Òkè ni Singapore Club wà, níbi tí àwọn òyìnbó oníṣòwò ti ń jẹ, tí wọ́n ń mu. Bí ìjọba amúnisìn ṣe rí gan-an nìyẹn: mẹ̀kúnnù ń tò fún sítáǹpù nísàlẹ̀, ọ̀gá ń fẹ́ atẹ́gùn òkun lókè.

Ní oṣù kejì 1942, nígbà tí bọ́ǹbù Japan ń rọ̀ lu ìlú, Gómìnà Shenton Thomas sá kúrò ní ilé ìjọba wá sí Singapore Club yìí. Wọ́n ń tọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́ nínú ilé náà títí ìlú fi bọ́ ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù náà. Lẹ́yìn èyí, àwọn ará Japan jókòó síbẹ̀ láti ṣàkóso.

Lẹ́yìn ogun, ọ́fíìsì ìjọba ló pọ̀ jù níbẹ̀, títí kan ti owó orí. Ní 1958 wọ́n gbé iná atọ́nà ọkọ̀ òkun sórí òrùlé rẹ̀, ó sì ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí ogún ọdún kí àwọn ilé gíga tó bo iná náà mọ́lẹ̀. Òkun fúnra rẹ̀ ti jìnnà síbẹ̀ báyìí. Wọ́n ti kó iyẹ̀pẹ̀ dí púpọ̀ nínú rẹ̀.

Ìfìwéránṣẹ́ kó jáde ní 1996. Àwọn tó gba ilé náà tún inú rẹ̀ ṣe, wọ́n sọ ọ́ di hòtẹ́ẹ̀lì oníyàrá 400 tó ṣílẹ̀kùn ní 2001. Lójú tèmi, iṣẹ́ náà dára: wọn kò bọ́ ara ilé sílẹ̀, àwọn yàrá inú sì kọjú sí gbàgede ńlá tó wà láàárín. Ohun tó sọnù ni pé ilé tí olówó sítáǹpù ń wọ̀ tẹ́lẹ̀ ti di ti ẹni tí àpò rẹ̀ wúwo. Ní oṣù kejìlá 2015, ìjọba Sìngápọ̀ kà á mọ́ àwọn ohun ìrántí orílẹ̀-èdè tí òfin dáàbò bò.