Ayé Ti Parẹ́ Rí Nílẹ̀ Wa

Àwọn òyìnbó fẹ́ràn láti máa fi ìparí ayé ṣe sinimá. Èyí tí a wò kẹ́yìn nílé wa ní Rippleside níhìn-ín ni The Road, tí John Hillcoat ṣe ní 2009 láti inú ìwé tí Cormac McCarthy tẹ̀ jáde ní 2006. Baba kan àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí etí òkun ní Amẹ́ríkà tí eérú ti bò. Oòrùn kò ràn mọ́, igi ń wó lulẹ̀, àwọn kan sì ti ń pa ènìyàn jẹ. Gbogbo ohun ìní wọn wà nínú kẹ̀kẹ́ ọjà kan tí wọ́n ń tì bí ọmọlanke, ọta méjì péré ni ó sì wà nínú ìbọn baba. Àwa tí iṣẹ́ wa jẹ́ ìṣirò owó kò lè ṣaláì máa ka ohun tí ó kù nínú kẹ̀kẹ́ náà bí wọ́n ti ń lọ.

Ohun tí ó yà wá lẹ́nu jù ni pé wọn kò dárúkọ baba tàbí ọmọ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tí àwọn ọmọ wa bi wá bóyá irú rẹ̀ lè ṣẹlẹ̀, a dá wọn lóhùn pé ó ti ṣẹlẹ̀ rí, ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, nílé wa.

Ẹ wo Òwu. Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti àwọn ọmọ Ọ̀yọ́ tí ogun ti lé kúrò nílé ni wọ́n para pọ̀ dó tì í fún ọdún bíi márùn-ún, láàárín 1820 sí 1830. Ìyàn mú nínú odi débi pé pọ̀pọ̀ǹdó, ẹ̀wà tí ẹnikẹ́ni kì í kà sí oúnjẹ tẹ́lẹ̀, ni wọ́n ń jẹ. Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn rẹ̀ pé àwọn ọ̀tá fi í kọrin bú wọn, àti pé títí di ìgbà ayé òun, ẹni tí ó bá kọ orin náà létí ọmọ Òwu, ìjà ni ó ń wá. Nígbà tí ìlú fọ́, wọ́n fi òfin dè é pé a kò gbọdọ̀ tún un kọ́. Ọ̀yọ́ Ilé pàápàá, tí Clapperton wọ̀ ní 1826 tí ó sì bá ọba lórí ìtẹ́, ti di ahoro kí 1840 tó dé.

Nínú sinimá yẹn, a kò mọ ibi tí àwọn ajẹ̀nìyàn ti wá. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ Yorùbá ni ó dó ti Òwu. Àjàyí Crowther fúnra rẹ̀ kọ ọ́ pé àwọn mùsùlùmí Ọ̀yọ́, pẹ̀lú àwọn Fúlàní àti ẹrú tí ó sá lọ́wọ́ olówó wọn, ni ó ń ja ogun tí ó kó Ọ̀ṣoògùn ní 1821. Ìwé ìṣirò tí ó bá kọ ohun tí àjèjì gbà lọ́wọ́ wa, tí kò kọ èyí tí a gbà lọ́wọ́ ara wa, kò lè dọ́gba.

Orúkọ ni ìtàn wa fi yàtọ̀ sí ti sinimá. Nígbà tí ogun tú àwọn ìlú Ẹ̀gbá, tí wọ́n sá lọ sábẹ́ Olúmọ ní 1830, tí Ṣódẹkẹ́ ń ṣe olórí wọn, Kẹ́mta, Ìtokò, Ìjẹun, olúkúlùkù gbé orúkọ ìlú rẹ̀ àti oyè rẹ̀ wọ ibùdó. Àdúgbò Abẹ́òkúta ṣì ń jẹ́ wọn lónìí. Àwọn Òwu dé bá wọn ní nǹkan bí 1834, ọba wọn níbẹ̀ sì ń jẹ́ Olówu síbẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń bá àwọn ọmọ wa wí bí wọ́n bá gé orúkọ wọn kúrú kí ó lè rọrùn fún olùkọ́ ní Barking.

Àjàyí kò tí ì bàlágà dáadáa nígbà tí wọ́n mú un. Wọ́n yà á nípa sí ìyá rẹ̀, wọ́n tà á ní àtàgbà, títí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi gbà á lọ́wọ́ àwọn Potogí ní 1822, ó sì dé Freetown. Níbẹ̀ ni ó ti di Samuel Crowther. Ní oṣù kẹjọ 1846 ni òun àti ìyá rẹ̀ tún fojú kan ara wọn, ní Abẹ́òkúta. Ó kọ ọ́ pé àwọn di ara àwọn mú, àwọn kò lè fọhùn, omijé sì ń ṣàn lójú ìyá òun. Lẹ́yìn náà, bí ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn orúkọ tí ìyá àgbà máa ń pè é nígbà èwe pè é.