Ṣé Kọ̀ǹpútà Àtijọ́ Lè Bá Mọ́dẹ́ẹ̀mù Tuntun Sáré?

Ní ilé-ìwé wa ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, àwọn kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ kan wà tí wọ́n kó sí kọ̀rọ̀. Àwọn kan ní wọ́n ti gbó jù, pé wọn kò lè bá íntánẹ́ẹ̀tì òde òní sáré mọ́. Lójú tèmi, ó yẹ kí á bi ìtàn léèrè kí á tó dá wọn lẹ́jọ́.

Nígbà tí àwọn òbí wa ṣì wà ní ọ̀dọ́, wáyà tẹlifóònù NITEL ni mọ́dẹ́ẹ̀mù ń gbà ṣiṣẹ́. Ní ọdún 1998, ìlànà V.90 jáde, mọ́dẹ́ẹ̀mù sì lè gba 56 kílóbíìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Lóòótọ́, èyí ni àwọn kọ̀ǹpútà kan lára. Ẹ̀yà kékeré inú wọn tí ń gba ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ mọ́dẹ́ẹ̀mù, tí wọ́n ń pè ní 8250, lẹ́tà kan ṣoṣo ló lè dì mú lẹ́ẹ̀kan. Bí kọ̀ǹpútà kò bá tètè gbà á, lẹ́tà tó tẹ̀ lé e yóò pa á rẹ́. Ẹ̀yà 16550A tó rọ́pò rẹ̀ lè di 16 mú. Ẹni tó bá ki káàdì tó ní ẹ̀yà yìí bọ inú kọ̀ǹpútà rẹ̀ kò nílò láti ra òmíràn.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2001, GSM bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà. Lẹ́yìn náà ni mọ́dẹ́ẹ̀mù kékeré tí a ń kì bọ ojú USB dé. Àwọn kan nínú wọn lè gba 7.2 mẹ́gábíìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ṣùgbọ́n ojú USB tó ti wà ṣáájú ọdún 2000 lè gba 12. Kọ̀ǹpútà kò kọsẹ̀ níbẹ̀. Kí okùn abẹ́ òkun MainOne tó ti Portugal dé Èkó ní ọdún 2010, nẹ́tíwọ́ọ̀kì gan-an ló sábà máa ń wọ́ bí ìgbín.

Kí ló wá dá wọn dúró? Ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì kún fún fọ́tò àti fídíò, ìlànà ààbò sì yí padà. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹrin ọdún 2014, Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú Windows XP dúró. Omi pọ̀ lẹ́nu ẹ̀rọ, igbá ló kéré.

N kò sọ pé gbogbo tòkunbọ̀ ló dára. Ìwádìí Basel Action Network ní ọdún 2005 sọ pé nǹkan bí 500 kọ̀ńténà ẹrù báyìí ń wọ Èkó lóṣooṣù, àwọn oníṣòwò sì ní èyí tí kò ṣeé tún ṣe nínú wọn lè tó ìdá 75 nínú 100. Pàǹtí nìyẹn, kì í ṣe ẹ̀bùn.

Ṣùgbọ́n láti ọdún 2015, orí kọ̀ǹpútà nìkan ni a ti ń ṣe ìdánwò JAMB. Ọ̀pọ̀ nínú wa kò tíì fọwọ́ kan kíbọ́ọ̀dù rí. Ìdánrawò kò nílò mọ́dẹ́ẹ̀mù kankan. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèǹgbè. Ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà tuntun kan máa gba íntánẹ́ẹ̀tì, kí àwọn àgbà tó ṣì ń tàn kọ́ wa ní títẹ̀.