Idẹ Tí Ó Há: Ọ̀rọ̀ Ọta Ìbọn láti Ogun Kírìjì dé Èbúté Àpápá

Ìfáárà

Bí àwọn òpìtàn bá ń sọ̀rọ̀ nípa ìbọn nílẹ̀ Yorùbá, ẹnu ìbọn ni wọ́n sábà máa ń wò: bí ó ti gùn tó, bí ọta rẹ̀ ti ń lọ jìnnà tó, ta ni ó kọ́kọ́ rí i rà. Ìdí ìbọn kì í fi bẹ́ẹ̀ kàn wọ́n. Síbẹ̀, ní ìdí ìbọn, níbi tí ọta ń wọ̀ sí, ni àyípadà ńlá ti ṣẹlẹ̀ ní ìdajì kejì ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ohun tí bébà yìí dá lé ni pé àpò idẹ kékeré tí a ń di ọta àti ẹ̀tù sí ni ó gba agbára lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ inú ìlú, tí ó sì gbé e fún ẹni tí ó ni èbúté: Èkó ní àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà Àpápá. Kì í ṣe àìgbọ́n alágbẹ̀dẹ ni ó fa èyí, bí àwọn kan ti máa ń wí. Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ni ní ìbẹ̀rẹ̀, ó sì di ọ̀rọ̀ òfin nígbẹ̀yìn.

Ìbọn Ṣakabùlà àti Agbẹ̀dẹ

Ẹnu ni a ti ń ki ìbọn ṣakabùlà. A ó da ẹ̀tù sí i, a ó fi nǹkan dí i, a ó sọ ọta lé e, a ó sì fi ọ̀pá kì í mọ́lẹ̀. Ọta náà ìbáà ṣe òjé tí a yọ́, ìbáà ṣe èérún irin láti inú agbẹ̀dẹ, kódà kí ó jẹ́ òkúta wẹ́wẹ́, ìbọn yóò gbà á, nítorí pé ọta kéré sí ihò ìbọn, àlàfo sì wà láàrin wọn. Bí ọkàn bá tóbi jù, a ó yan òmíràn. Alágbẹ̀dẹ tí ó ní ẹwìrì, owú àti ẹ̀mú lè rọ ọta fún irú ìbọn bẹ́ẹ̀, ó lè tún un ṣe bí ó bá bàjẹ́, ó sì lè pààrọ̀ òkúta tí ń ṣá iná sí i.

Òótọ́ ni pé láti òkè òkun ni ọ̀pọ̀ ìbọn àti ọ̀pọ̀ ẹ̀tù ti ń wá, nítorí náà kò yẹ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ilẹ̀ Yorùbá dá dúró pátápátá nínú ọ̀ràn ohun ìjà kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó gba Èkó ní 1861. Ṣùgbọ́n ẹ̀tù tí ó bá wọ ìlú kì í béèrè irú ìbọn tí ó ń lọ bá. Ẹ̀tù kan náà ni ó ń wọ gbogbo ìbọn, balógun sì lè rà á sílẹ̀ ṣáájú ogun, láti ọjà èyíkéyìí tí ó bá ṣí sílẹ̀ fún un. Bí ọ̀nà kan bá dí, kò sọ gbogbo ìbọn rẹ̀ di igi.

Snider ní Ogun Kírìjì

Ní ọdún 1866 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba ìbọn Snider fún àwọn ọmọ ogun wọn. Ìbọn Enfield àtijọ́ tí a ń ki láti ẹnu ni wọ́n gé ní ìdí, tí wọ́n sì fi ìdérí irin tí ó ṣeé ṣí tí ó ṣeé dé sí i. Ọta rẹ̀ kì í ṣe ọta lásán mọ́. Ọ̀gágun Edward Boxer ni ó ṣe àgbékalẹ̀ rẹ̀: ọta òjé, ẹ̀tù àti ìṣáná kékeré, gbogbo rẹ̀ wà nínú àpò kan ṣoṣo tí a fi idẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ká bí ẹni ká ẹní. Jagunjagun yóò ṣí ìdí ìbọn, yóò ki àpò náà bọ̀ ọ́, yóò dé e, yóò sì yìn ín. Kò ní nàró láti ki ìbọn mọ́. Ó lè dùbúlẹ̀ sẹ́yìn òkúta kí ó máa yìn ín.

Irú ìbọn yìí ni ó dé ọwọ́ àwọn Èkìtìparapọ̀ nínú ogun tí wọ́n bá Ìbàdàn jà láti 1878. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tí wọ́n ti ṣòwò lówó ní Èkó ni wọ́n rà á ránṣẹ́ sílé, ọ̀nà Oǹdó sì ni ẹrù náà sábà máa ń gbà, nítorí pé kò sí lábẹ́ agbára Ìbàdàn. Ìró ìbọn láàrin àwọn òkè tí ó wà láàrin Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé ni a ní ó fún ogun náà lórúkọ. Samuel Johnson, tí òun àti Charles Phillips jẹ́ aṣojú nínú ètò àlàáfíà 1886, kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn rẹ̀ bí ìbọn tuntun náà ti ni àwọn ará Ìbàdàn lára tó, títí àwọn náà fi wá irú rẹ̀ rà.

Ohun tí ó yẹ kí a bi ara wa ni èyí: bí ìbọn náà bá lágbára tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí Èkìtìparapọ̀ kò fi tú ibùdó Ìbàdàn ká? Ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án 1886 ni a fọwọ́ sí ìwé àdéhùn, láìsí ẹni tí ó ṣẹ́gun, ọdún 1893 ni a sì tó tú àwọn ibùdó náà ká pátápátá. Àwọn òpìtàn ti dárúkọ ìdí púpọ̀: bí ilẹ̀ náà ti rí, ọ̀rọ̀ Ìlọrin ní Ọ̀fà, ìlara láàrin àwọn ọba. Gbogbo rẹ̀ tọ̀nà. Ṣùgbọ́n ó jọ pé a kò fún ìdí kan ní ipò tí ó tọ́ sí i. Ṣakabùlà lè jẹ òkúta. Snider kò lè jẹ ohunkóhun àfi oúnjẹ tirẹ̀. Ọta kọ̀ọ̀kan tí ó bá dún ní Ìmẹ̀sí ti gba Èkó kọjá, a ti san owó rẹ̀ fún oníṣòwò, a sì ti rù ú lórí gba ọ̀pọ̀ ọjọ́ ìrìn. Agbẹ̀dẹ kò lè ran ẹni tí tirẹ̀ bá tán lọ́wọ́. Bí ìbọn tuntun náà ti ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àlàáfíà àti ogun ní òkè ń di ohun tí Gómìnà Èkó lè dá sí.

Bí Idẹ Ṣe Ń Há

Kí ló dé tí agbẹ̀dẹ kò lè ràn án lọ́wọ́? Ẹni tí kò bá mọ bí idẹ ti ń ṣe nínú ìbọn kò lè dáhùn. Nígbà tí ẹ̀tù bá gbiná, idẹ a wú mọ́ ògiri ihò tí ó wà, kí iná má baà yọ sẹ́yìn sí ojú ẹni tí ó yìn ín. Lẹ́yìn náà idẹ a tún sún kì díẹ̀, a sì ṣeé fà jáde. Ṣùgbọ́n kì í padà sí ìwọ̀n tí ó wà tẹ́lẹ̀. Bí ooru bá pọ̀, bí iyanrìn bá wọ̀ ọ́, bí idẹ náà bá fẹ́lẹ́ jù, ṣe ni yóò há. Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì pàápàá jìyà èyí. Ní Abu Klea ní ilẹ̀ Sudan, ní oṣù Kìn-ín-ní 1885, idẹ kíká há sínú ìbọn Martini-Henry wọn lójú ogun, lẹ́yìn èyí ni wọ́n sì yí sí idẹ tí a fà láti ara kan ṣoṣo. Idẹ Snider tí ó wọ ilẹ̀ Yorùbá, irú kíká yẹn náà ni. A kò ṣe é fún àtúndì.

Ẹni tí ó bá fẹ́ tún idẹ dì ní láti kọ́kọ́ fi ipá mú un padà sí ìwọ̀n. Irin oníhò tí àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ń pè ní dáì ni a fi ń ṣe é: a ó ki idẹ sí ihò náà, a ó fi ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ tẹ̀ ẹ́ wọlé, ògiri dáì yóò sì fún un pọ̀. Níbí ni idẹ tún ti ń há. Bí kò bá sí òróró lára rẹ̀, yóò lẹ̀ mọ́ irin. Bí ó bá ní iyanrìn, yóò ha inú dáì, ojú ibi tí ó ha yóò sì máa di àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn mú. Idẹ tí a ti yìn lọ́pọ̀ ìgbà a máa le, kì í fẹ́ tẹ̀. Òróró àpọ̀jù pàápàá kò dára, nítorí pé a máa tẹ ara idẹ ní kòtò. Bí a bá fi agbára fa èyí tí ó há, ètè ìdí rẹ̀ ni yóò ya, ara rẹ̀ yóò kù sínú. Ọ̀nà tí ó kù ni pé kí a lu ihò sí ìdí rẹ̀, kí a fi bóòtù dè é, kí a sì fà á jáde díẹ̀díẹ̀. Fún idẹ ìbọn ìléwọ́, tí ó gún régé láti ìdí dé ẹnu, wọ́n ti wá fi òrùka kábáìdì tí ó le púpọ̀ sí ẹnu dáì, èyí tí kò fi bẹ́ẹ̀ nílò òróró.

Ní Amẹ́ríkà, níbi tí òfin ti fi àyè gbà á, iṣẹ́ yìí di ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń ṣe nínú ilé rẹ̀. Dáì ni Fred Huntington fi bẹ̀rẹ̀ ilé iṣẹ́ RCBS ní Oroville, ìpínlẹ̀ California, ní 1943. Ó yani lẹ́nu pé ìṣáná tí Boxer, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe ni àwọn ará Amẹ́ríkà gbà, tí ọ̀pọ̀ ọmọ ogun Yúróòpù sì gba ti Berdan, ọmọ Amẹ́ríkà. Ti Boxer ní ihò kan ṣoṣo láàrin ìdí idẹ, ọ̀pá tín-ín-rín sì lè ti èyí tí ó ti jó jáde. Ti Berdan ní ju ẹyọ kan lọ, wọn kò sì sí láàrin gan-an, èyí tí ó mú iṣẹ́ náà ṣòro.

Ṣé iṣẹ́ dáì wá kọjá òye àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ilẹ̀ wa ni? Ẹni tí ó bá rò bẹ́ẹ̀ kò tíì rìn láti Àpápá kọjá Boundary wọ Ajégúnlẹ̀. Mẹkáníìkì tí bíárìn há mọ́ lọ́wọ́ níbẹ̀ mọ̀ pé òòlù nìkan kò tó: ó mọ ìgbà tí gíríìsì tó, ìgbà tí ó yẹ kí ó fi iná yá irin, àti ìgbà tí ó yẹ kí ó fi bóòtù fa nǹkan jáde láìyára. Ọgbọ́n kan náà ni. Ohun tí kò sí ni ìṣáná, tí kò ṣeé rọ ní agbẹ̀dẹ, àti idẹ tí ó bá ìwọ̀n mu. Òfin sì wá dúró ti àìsí náà.

Òfin àti Èbúté

Àdéhùn Brussels ti 1890 ni ó kọ́kọ́ sọ ìyàtọ̀ yìí di òfin. Ó dí ọ̀nà mọ́ ìbọn ìgbàlódé àti ọta rẹ̀ ní apá tí ó pọ̀ jù nínú Áfíríkà, ṣùgbọ́n ó fi àyè sílẹ̀ fún ìbọn olókùúta-ìṣáná àti ẹ̀tù lásán. Ìbọn tí kò ní àpò idẹ ni a fi sílẹ̀ fún aláwọ̀ dúdú. Òfin Ohun Ìjà ti 1959 ní Nàìjíríà kò jìnnà sí èyí: ó ya ṣakabùlà sọ́tọ̀ fúnra rẹ̀, ó fi ìbọn ìléwọ́ sí abala tí aráàlú kò lè ní láìgba ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ olórí orílẹ̀-èdè, ó sì ka ṣíṣe ohun ìjà àti ọta léèwọ̀ fún ẹnikẹ́ni tí kì í ṣe ìjọba. Nítorí náà, ohun tí ará California ń ṣe lórí tábìlì ilé rẹ̀ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ní Ajégúnlẹ̀. Ní 1964 ni ìjọba àpapọ̀ dá ilé iṣẹ́ ohun ìjà tirẹ̀ sílẹ̀ ní Kàdúná, ọta ìbọn sì wà lára ohun tí ó ń ṣe.

Alágbẹ̀dẹ kò ṣíwọ́ síbẹ̀. Púpọ̀ nínú ìbọn tí a ń rọ ní ìkọ̀kọ̀ ní gúúsù Nàìjíríà ni a gbẹ́ ihò wọn kí wọ́n lè gba katiríìjì ìbọn ọdẹ tí a ń rà lọ́jà. Alágbẹ̀dẹ kò lè ṣe idẹ, nítorí náà ó ṣe ìbọn tí ó bá idẹ ẹlẹ́ni mu.

Èbúté tí ọjà náà ń gbà wọlé ní ìtàn tirẹ̀. Ìjọba gba ilẹ̀ Àpápá ní 1913. Àmọ̀dù Tìjání, Olóyè Olúwa, pe ẹjọ́ dé Lọ́ńdọ̀nù, Herbert Macaulay bá a lọ, ìdájọ́ sì gbè é ní 1921. Owó gbà-má-bínú ni ó gbà. Ilẹ̀ kò padà. Ní 1926 ni èbúté ńlá tuntun náà parí, ilé iṣẹ́ sì tẹ̀ lé e. Àwọn òṣìṣẹ́ láti oríṣiríṣi ẹ̀yà sì kún Ajégúnlẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá 2010, àpótí ẹrù mẹ́tàlá láti Iran ni a bá ní Àpápá, ohun ìjà ogun àti ọta wà nínú wọn. Ní oṣù Kìn-ín-ní 2017, àwọn aṣọ́bodè dá ọkọ̀ akẹ́rù kan dúró lójú ọ̀nà Àpápá sí Mile 2, wọ́n sì bá ìbọn 661 nínú rẹ̀ lẹ́yìn àwọn ilẹ̀kùn irin. Ọkọ̀ náà ti kúrò ní èbúté kí wọ́n tó dá a dúró.