Èdè Hébérù, Èdè Welsh, àti Alálùbọ́sà Sábó

Akẹ́kọ̀ọ́ kan ni ó fa ọ̀rọ̀ òní. Ó kó àwọn ọ̀rọ̀ kan tọ̀ mí wá, ó ní òun ti rí ẹ̀rí pé ọmọ ìyá ni èdè Yorùbá àti èdè Hébérù. Àlùbọ́sà ni ó fi ṣíwájú: batsal ni àwọn Hébérù ń pè é. Alámísì ni ó tẹ̀lé e: hamishi ni ọjọ́ náà lọ́dọ̀ tiwọn. Inú ọmọ náà dùn débi pé n kò fẹ́ já a kulẹ̀. Mo ní kí á jọ rìn dé Sábó.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Ilé-Ifẹ̀ mọ̀ pé àdúgbò àwọn Haúsá ni Sábó, bí ti Ìbàdàn àti ti Ṣàgámù. Láti ara Sabon Gari ni a ti gé orúkọ náà, ìlú tuntun ni ìtumọ̀ rẹ̀. A kí bàbá kan tí ó pàtẹ àlùbọ́sà, a sì bi í pé, "Àlájì, kí ni ẹ ń pe èyí ní èdè yín?" Ó ní albasa.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti já. Al-basal ni ti Lárúbáwá, al yìí sì ni wọ́n máa ń fi ṣíwájú ọ̀rọ̀-orúkọ. Bí ó bá jẹ́ pé àwa àti àwọn Hébérù ni a jọ jogún àlùbọ́sà lọ́wọ́ baba kan, kí ni al ti Lárúbáwá ń wá níwájú tiwa? Bẹ́ẹ̀ náà ni Alámísì: al-khamis ni Lárúbáwá, Alhamis ni Haúsá. Àlàáfíà, àdúrà àti sábàbí kò yàtọ̀. Ẹ̀sìn àti òwò ni ó gbé wọn dé, àwọn kan gba ọ̀dọ̀ Haúsá, àwọn mìíràn bí àlùfáà sì gba ọ̀dọ̀ àwọn Songhay, gẹ́gẹ́ bí Stefan Reichmuth, onímọ̀ ará Jámánì, ti ṣàlàyé ní 1988. Lárúbáwá àti Hébérù ni ọmọ ìyá. A yá ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ọ̀kan, a wá ń rí ojú èkejì lára rẹ̀.

Ẹ má bú ọmọ náà o. Àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Wales ṣe irú rẹ̀ rí. Ní ọ̀rúndún 17, Charles Edwards to ọ̀rọ̀ Welsh àti ti Hébérù sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, láti fi hàn pé wọ́n tan. Nígbà náà, ọ̀pọ̀ ní Yúróòpù gbà pé èdè Hébérù ni Ádámù sọ. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ kí èdè rẹ̀ níyì yóò wá ọ̀nà so ó mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ìjọra náà kì í ṣe òfo pátápátá. Nínú Welsh, ọ̀rọ̀-ìṣe ni ó máa ń ṣíwájú gbólóhùn, bí ó ti rí nínú Hébérù inú Bíbélì. Ọ̀rọ̀-atọ́kùn wọn sì máa ń gbé ọ̀rọ̀-arọ́pò-orúkọ mì: arnaf ni Welsh fún "lórí mi", alai ni Hébérù. John Morris-Jones gbìyànjú láti wá ìdí rẹ̀ ní 1900, àríyànjiyàn náà kò sì tíì parí. Síbẹ̀, ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ka méjì àti mẹ́ta: dau, tri ni Welsh, duo, tres ni Látìnì, shtayim, shalosh ni Hébérù. Ta ni ó bí ta ni kò ṣòro mọ̀. William Jones, tí baba rẹ̀ jẹ́ ọmọ Wales, ni ó sọ ní Calcutta ní 1786 pé ó jọ pé orísun kan ni Sanskrit, Gíríìkì àti Látìnì ti wá, ó sì fi èdè àwọn Celt, ìdílé Welsh, kún un.

Lọ́dọ̀ tiwa, Muhammad Bello kọ ọ́ ní 1812 pé láti Kénáánì ni Yorùbá ti ṣẹ̀. Samuel Johnson parí ìwé ìtàn rẹ̀ ní 1897, a kò tẹ̀ ẹ́ títí di 1921. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí Lámúrúdu ọba Mẹ́kà, bí òun fúnra rẹ̀ kò tilẹ̀ gbà pé Lárúbáwá ni wá. J. Olumide Lucas ní 1948 ní Íjíbítì ni. Mo bọ̀wọ̀ fún Lucas, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń wá ìjọra lọ́ranyàn kò ní ṣàì rí i. Ní Ifẹ̀ yìí kan náà, níbi tí àwọn àgbà ti ní ibí ni ayé ti ṣẹ̀!

Àwọn tí a bá tan kò jìnnà. Ẹ̀ta wa, atọ ni Igbo, tatu ni Swahili. Ẹ̀rin wa, anọ ni Igbo, ene ni Ewe, nne ni Swahili. Etí wa, ntị ni Igbo. Ẹnìkan kì í lọ sọ́jà lọ yá etí.

Èyí tí ó yà mí lẹ́nu jù ni mo fi ṣe ìkẹyìn fún ọmọ náà. Nínú ìwé tí Joseph Greenberg tẹ̀ ní 1963, Haúsá àti Hébérù wà nínú ẹbí kan náà, pẹ̀lú Lárúbáwá àti èdè Íjíbítì àtijọ́. Kú ni mutu ní Haúsá, met ni Hébérù. Èdè Bole ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn náà ní motu, nítorí náà a kò lè sọ pé Haúsá kàn yá a ni. "Ìwọ" kan ṣoṣo ni Yorùbá ní fún ọkùnrin àti obìnrin; kai àti ke ni Haúsá fi yà wọ́n, Hébérù náà a sì máa yà wọ́n.

Ní oṣù kẹta ọdún 2017, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Sábó yìí láàárín Yorùbá àti Haúsá. Ọ̀pọ̀ ẹ̀mí lọ sí i, ilé jóná, ṣọ́ọ̀bù jóná. Mo rántí rẹ̀ bí a ti dúró níbẹ̀, tí ọmọ náà ń kọ mutu sínú ìwé rẹ̀.

Mo sọ fún Àlájì pé èdè rẹ̀ bá èdè àwọn wòlíì tan. Ó rẹ́rìn-ín. Yorùbá tí ó fi dá mi lóhùn já gaara:

"Tíṣà, ṣé ẹ máa ra àlùbọ́sà ni, àbí orúkọ rẹ̀ nìkan ni ẹ wá gbà?"

A ra díẹ̀.