Ọmọ Ìlú àti Iṣẹ́ Ìlú: Bí Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ Ṣe Dìbò Ààrẹ ní Ọdún 1979

Ìfáàrà

Ní ọjọ́ 11, oṣù Kẹjọ, ọdún 1979, àwọn òǹdìbò ní ìpínlẹ̀ 19 tí ó wà ní Nàìjíríà nígbà náà jáde láti yan Ààrẹ. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ará ìlú yóò fi ìbò ara wọn yan olórí ìjọba àpapọ̀ ní tààrà. Ẹgbẹ́ òṣèlú márùn-ún ni ó díje: UPN ti Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, NPN ti Shehu Shagari, NPP ti Nnamdi Azikiwe, PRP ti Aminu Kano àti GNPP ti Waziri Ibrahim.

Ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, tí olú-ìlú rẹ̀ jẹ́ Ìbàdàn, Awólọ́wọ̀ borí pátápátá. Bẹ́ẹ̀, ọmọ Ìbàdàn, Adìsá Akínlóyè, ni alága àpapọ̀ ẹgbẹ́ NPN. Ọmọ Ìbàdàn, Richard Akínjídé, ni agbẹjọ́rò ẹgbẹ́ náà. Yorùbá a máa sọ pé ọmọ ẹni kò ní ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ kí a fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Kí ni ó fà á tí òwe yìí kò fi ṣiṣẹ́ ní 1979? Ìbéèrè yìí ni iṣẹ́ yìí fẹ́ dáhùn.

Ìbàdàn àti Awólọ́wọ̀ Ṣáájú 1979

Ìbàdàn àtijọ́, láti Ọjà'ba dé Bẹẹrẹ, láti Òkè Mápó dé Bẹ́yẹrúnkà, kì í ṣe ilé Awólọ́wọ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Adégòkè Adélabù, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Pẹnkẹlẹ́mẹ́sì, ni ó ni àgbègbè náà ní àárín ọdún 1950 sí 1958. Ẹgbẹ́ Mábọlájẹ́ tí ó dá sílẹ̀, tí ó sì so mọ́ NCNC, fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ láàrin àwọn mọ̀gàjí, àwọn agbo ilé, àwọn oníṣòwò kéékèèké àti àwọn àgbẹ̀. Ní 1954, ẹgbẹ́ náà gba ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ Ìbàdàn, Adélabù sì di alága rẹ̀ ní Gbọ̀ngàn Mápó.

Ní ọdún náà gan-an ni ìjọba Awólọ́wọ̀ ń múra ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sílẹ̀. Owó-orí tí wọ́n fi kún ti àtẹ̀yìnwá láti fi gbọ́ bùkátà ètò náà bí ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú. Nígbà tí ìdìbò sí ilé aṣòfin àpapọ̀ dé ní 1954, NCNC gba àga ju Action Group, Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, lọ ní Ìwọ̀-oòrùn tí Awólọ́wọ̀ ń ṣe olórí ìjọba rẹ̀. Adélabù kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ ní ọjọ́ 25, oṣù Kẹta, ọdún 1958, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ kò kúrò ní ẹnu àwọn ará ìlú.

Ohun tí Èsì Ìdìbò Sọ

Ìbò 1,396,547 ni wọ́n kà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní 1979. Awólọ́wọ̀ gba 1,197,983, èyí tí í ṣe ìdá 85.78 nínú ọgọ́rùn-ún. Shagari gba 177,999, ìdá 12.75. Àwọn mẹ́ta yòókù lápapọ̀ kò gba ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú ìdìbò sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ tí ó ti wáyé ní oṣù Keje, UPN gba àga 117 nínú 126, NPN sì gba 9. Ní ìdìbò gómìnà, Bọ́lá Ìgè, ọmọ Ẹ̀sà-Òkè ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, fi ẹ̀yìn Akínjídé gbálẹ̀.

Ó yẹ kí olùkọ́ ìtàn ka àwọn iye yìí pẹ̀lú ìṣọ́ra. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ìgbà náà kì í ṣe ti òní. Ó kó Òṣogbo, Ilé-Ifẹ̀, Iléṣà àti gbogbo ilẹ̀ tí ó di Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní 1991 mọ́ra. Síbẹ̀, Ìbàdàn ni ìlú tí ó tóbi jù níbẹ̀. Bí Ìbàdàn bá kọ̀yìn sí Awólọ́wọ̀, ìdá 85 kò lè ṣeé ṣe. Ìdá ìbò Shagari ní Ọ̀yọ́ sì pọ̀ ju ti Òǹdó, Ògùn àti Èkó lọ: ó gba 4.19 ní Òǹdó, 6.23 ní Ògùn, 7.18 ní Èkó. Nítorí náà, alátakò Awólọ́wọ̀ kò tán ní Ọ̀yọ́. Wọ́n kàn di díẹ̀ ni.

Ìdí tí Ọmọ Ìlú fi Pàdánù

Ìdí kìíní ni ẹ̀kọ́. Ní oṣù Kìíní, 1955, ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà tí ó wọ ilé-ìwé ní ọdún náà ti di ẹni ọgbọ̀n ọdún ní 1979. Ètò tí bàbá rẹ̀ bínú sí nítorí owó-orí ni ó sọ òun di akọ̀wé, nọ́ọ̀sì tàbí olùkọ́. UPN sì tún ṣe ìlérí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní gbogbo ìpele.

Ìdí kejì ni owó-orí fúnra rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá, 1968, àwọn àgbẹ̀ tí owó-orí ń ni lára ya wọ Òkè Mápó. Ẹ̀mí sì ṣòfò. Ogun Àgbẹ́kọ̀yà tí ó tẹ̀lé e kò rọlẹ̀ títí Awólọ́wọ̀, tí ó jẹ́ Kọmíṣọ́nnà fún ètò ìnáwó ìjọba àpapọ̀, fi bá Tàfá Adéoyè àti àwọn àgbẹ̀ sọ̀rọ̀ ní 1969. Wọ́n dín owó-orí kù sí pọ́n-ùn méjì. Ẹni tí owó-orí ti sọ di ọ̀tá ní 1954 ni ó bá wọn tú u palẹ̀ ní 1969.

Ìdí kẹta ni ìrántí Dẹ́mọ. Akínlóyè àti Akínjídé wà lára àwọn àgbà ẹgbẹ́ NNDP tí ìdìbò rẹ̀ ní 1965 bí rògbòdìyàn wẹ́tìẹ̀. Ẹni tí ó rí ilé tí ń jó ní ọdún náà kò tíì darúgbó ní 1979.

Ìbò Ọ̀yọ́ àti Ẹjọ́ Ìdá Méjì nínú Mẹ́ta

Òfin ìdìbò sọ pé olùborí gbọ́dọ̀ gba ó kéré tán ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò ní ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ìpínlẹ̀. Shagari gba 5,688,857, Awólọ́wọ̀ 4,916,651. Ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ 12 péré ni Shagari ti dé ìwọ̀n náà. Ní ìkẹtàlá, Kano, 19.94 ni ó gba. Akínjídé jiyàn pé ìdá méjì nínú mẹ́ta 19 kì í ṣe 13 bí kò ṣe 12 àti ìdá méjì nínú mẹ́ta. Ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ fara mọ́ èsì náà ní ọjọ́ 26, oṣù Kẹsàn-án, 1979. Adájọ́ Káyọ̀dé Ẹ̀ṣọ́, ọmọ Iléṣà, kò fara mọ́ ìdájọ́ àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀.

Níbí ni ìbò Ọ̀yọ́ ti ní ìtumọ̀ kíkún. Ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò ìpínlẹ̀ náà jẹ́ 349,137. Shagari ní díẹ̀ lé ní ìdajì rẹ̀. Bí alága NPN bá lè mú ìpínlẹ̀ tirẹ̀ dé ìwọ̀n yẹn, ìpínlẹ̀ ìkẹtàlá ti pé, ẹjọ́ kò sì ní í wáyé. Ohun tí Akínlóyè kò rí gbà ní ilé ni Akínjídé lọ fi ìṣirò wá ní ilé-ẹjọ́.

Àgbálọgbábọ̀

Ọ̀rọ̀ ọmọ ìlú kò parí ní 1979. Ní 1983, wọ́n kéde Ọmọlolú Olúnlóyọ̀, ọmọ Ìbàdàn, ti NPN pé ó borí Ìgè. Ìjọba rẹ̀ lo oṣù mẹ́ta kí àwọn ológun tó dé. Ṣùgbọ́n ìdìbò 1979 fi hàn pé Ìbàdàn kì í dìbò fún ẹni nítorí pé a bí i sí agbo ilé kan. Agbo ilé tí ó tẹ̀lé Adélabù ní 1954 àti ọmọ rẹ̀ tí ó dìbò fún Awólọ́wọ̀ ní 1979 kò tako ara wọn: àwọn méjèèjì bèèrè ohun tí ìjọba gbà lọ́wọ́ wọn, àti ohun tí ó fi fún wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí a bá kọ́ láti bèèrè bẹ́ẹ̀ yóò rí ènìyàn lẹ́yìn iye ìbò, kò ní í rí nọ́ńbà nìkan.