Accra àti Ẹ̀rọ Tó Ń Hùwà Bí Ẹranko

Àwọn kan gbà pé iṣẹ́ róbọ́ọ̀tì ní Accra kò ní ìtàn, pé eré ọmọdé tí wọ́n kó wọlé láti òkè òkun ni. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Láti àwọn ọdún 1950 ni káfíńtà Seth Kane Kwei ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ pósí onírísí ẹja àti ẹyẹ ní Teshie, ní Accra. Ọwọ́ tó mọ ìrísí ẹranko ti wà ní ìlú náà tipẹ́. Òótọ́ ni pé pósí kì í rìn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ lè rìn bí ẹranko: ní Bristol, ní England, láàárín 1948 sí 1949, onímọ̀ nípa ọpọlọ Grey Walter ṣe ìjàpá onímọ̀nàmọ́ná méjì, Elmer àti Elsie. Ojú kan tó ń wá ìmọ́lẹ̀ àti èèpo tó ń mọ̀ bí nǹkan bá kọlù ú ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ní, síbẹ̀ wọ́n ń yẹ ohun ìdènà sílẹ̀, wọ́n sì ń wá ọ̀nà kiri bí ohun abẹ̀mí. Ìlànà díẹ̀ ló bí gbogbo ìwà yẹn.

Irú ìmọ̀ yìí ni Ghana Robotics Academy Foundation, tí Ashitey Trebi-Ollennu, ọmọ Ghana tó ń ṣiṣẹ́ ní NASA, dá sílẹ̀ ní 2011, ń gbé dé ọ̀dọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Àwọn tí mò ń bá jiyàn á ní òkè òkun ni irinṣẹ́ róbọ́ọ̀tì ti ń wá. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n àṣẹ tí ẹ̀rọ yóò tẹ̀lé kò sí nínú páálí. Akẹ́kọ̀ọ́ ló ń pinnu ibi tí yóò yà sí bó bá kan ògiri. Ní 2019, àwọn ọmọbìnrin ilé-ẹ̀kọ́ Mamfe Methodist, láti orí òkè Akuapem nítòsí Accra, gba ipò kìíní àgbáyé ní ìdíje róbọ́ọ̀tì Robofest ní Michigan, ní Amẹ́ríkà. Títo irin pọ̀ lásán kò lè gbé wọn débẹ̀.