Afárá Inú Ẹnu: Ìtàn Eyín Àfikún, àti Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Rẹ̀

 

Ẹ ti rí irú ìyá yìí rí lọ́jà. Bí àwàdà bá dé, tí gbogbo èèyàn ń rẹ́rìn-ín, òun á yára fi ọwọ́ bo ẹnu. Eyín iwájú rẹ̀ kan ló ti jáde. Bó bá ń dárúkọ iye ọjà, afẹ́fẹ́ á máa gba àlàfo náà jáde. Ẹran kò ṣeé gé dáadáa mọ́. Ẹ sì mọ̀ pé ẹnu ni ọlọ́jà fi ń tajà.

Bí owó bá wà, dókítà eyín lè dí àlàfo náà. Àwọn tó gbọ́ Faransé ń pè é ní bridge. Àwa á pè é ní afárá eyín, torí afárá náà ni. Ẹ wo afárá orí odò: ó ní ẹsẹ̀ níhìn-ín, ó ní ẹsẹ̀ lọ́hùn-ún, àárín rẹ̀ wà lórí òfìfo. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti inú ẹnu. Dókítà á ha eyín méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àlàfo náà kéré, á fi adé bo ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, á so eyín àtọwọ́dá mọ́ àárín adé méjèèjì, á wá fi símẹ́ńtì eyín lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀. Kì í ṣe irú eyín tí à ń yọ lálẹ́ sínú ife omi. Ó ti dúró síbẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ kan péré la fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé lónìí: bí afárá eyín bá máa wó, láti ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wo ìtàn, ká lè mọ ìdí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ dídí àlàfo eyín kì í ṣe tòní. Ní ilẹ̀ Ítálì, ó ju ọdún 2500 lọ báyìí, àwọn èèyàn kan wà tí wọ́n ń pè ní Etruscan. Wọ́n máa ń fi ọ̀já wúrà pẹlẹbẹ yí eyín ká, wọ́n á fi há eyín mìíràn sí ibi tó ṣófo. Nígbà tí àwọn onímọ̀ yẹ àwọn tí wọ́n hú jáde nínú sàréè wò, wọ́n rí i pé obìnrin ló ni èyí tó pọ̀ jù. Ṣé ẹ rí i pé ìtìjú àlàfo iwájú kò bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa? Ní ìlú Sidon náà, ní ilẹ̀ Lẹ́bánónì, àwọn Faransé tó ń wa ilẹ̀ ní àwọn ọdún 1860 rí egungun àgbọ̀n kan tí wọ́n fi okùn wúrà tẹ́ẹ́rẹ́ so eyín inú rẹ̀ pọ̀. Ó wà nílé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Louvre ní Paris.

Wúrà kì í dípẹtà, ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n ara eyín tó kù lẹ́nu ni wọ́n so ó mọ́. Bí eyín tó gbé e dúró bá mì, gbogbo rẹ̀ á mì.

Ní ọdún 1728, ọkùnrin Faransé kan tó ń jẹ́ Pierre Fauchard tẹ ìwé ńlá kan jáde lórí iṣẹ́ eyín. Ó kọ bí a ṣe lè fi eyín èèyàn, tàbí eyín erinmi, dí àlàfo. Ó tún sọ ohun kan tó yẹ kí àwa náà gbọ́. Nígbà náà, àwọn èèyàn gbà pé kòkòrò bí ìdin ló ń jẹ eyín. Fauchard fi ẹ̀rọ tó ń sọ ohun kékeré di ńlá wò ó, kò rí ìdin kankan, ó sì kìlọ̀ nípa ṣúgà. Nítorí náà, bí ẹnì kan lẹ́bàá ọ̀nà bá ní òun ti yọ kòkòrò jáde nínú eyín yín, tó sì fi hàn yín lórí òwú, ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ di owó yín mú.

Kí ló ń jẹ eyín, nígbà náà? Willoughby Miller, ọmọ Amẹ́ríkà tó ń ṣiṣẹ́ ní Berlin, tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀ ní 1890. Àwọn kòkòrò àìrí wà lẹ́nu gbogbo èèyàn. Bí a bá jẹ ohun dídùn tàbí oúnjẹ bíi búrẹ́dì àti gàrí, tó sì kù sára eyín, wọ́n á sọ ọ́ di omi kíkan. Omi kíkan yẹn ló ń jẹ eyín díẹ̀díẹ̀. Ẹ rántí èyí, a ó padà sí i.

Ìtàn yìí ní apá kan tó korò. George Washington, olórí àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà, kò ní ju eyín tirẹ̀ kan lọ lẹ́nu nígbà tó gorí oyè ní 1789. Eyín erinmi àti eyín èèyàn wà lára èyí tí wọ́n ṣe fún un. Nínú ìwé ìṣirò ilé rẹ̀ ti ọdún 1784, wọ́n kọ ọ́ pé wọ́n sanwó fún àwọn aláwọ̀ dúdú nítorí eyín 9. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀yin ìyá. Nígbà tí wọ́n ń kó àwọn èèyàn wa gba etí òkun Ouidah kọjá, eyín aláwọ̀ dúdú wà lára ohun tí wọ́n ń rà. Ẹni tí eyín rẹ̀ pé lẹ́nu, ọlọ́rọ̀ ni.

Èyí tó dùn ún gbọ́ ló kàn. Ní 1907, dókítà Amẹ́ríkà kan, William Taggart, fi ọ̀nà tuntun han àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní New York: fi ìda mọ ohun tó yẹ kó wọ eyín, fi amọ̀ líle bò ó, fi iná yọ́ ìda náà jáde, kí o sì da wúrà sí ààyè rẹ̀. Wọ́n yìn ín gan-an. Ṣùgbọ́n ní Ilé-Ifẹ̀, ọgọ́rùn-ún ọdún lọ́nà púpọ̀ ṣáájú ìgbà yẹn, ọ̀nà ìda yìí náà ni àwọn baba wa fi ń rọ orí idẹ tí gbogbo ayé ń wá wò. Ọgbọ́n alágbẹ̀dẹ wa àti ọgbọ́n adé eyín, ìyekan ni wọ́n. Láti nǹkan bí ọdún 1960 ni wọ́n ti ń fi ohun funfun bíi tánganran bo irin adé náà, tó fi jọ eyín gidi.

Ó dáa. Bí afárá ti wá lẹ́wà tó yìí, kí ló tún ń bà á jẹ́? Tánganran kì í jẹrà, irin adé kì í jẹrà. Eyín yín tó wà nínú adé ni ẹran ara. Ibi tí adé ti pàdé èrìgì, oúnjẹ máa ń há síbẹ̀. Abẹ́ eyín àárín náà, oúnjẹ máa ń wọ̀ ọ́. Omi kíkan tí Miller sọ á wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lábẹ́ ilé. Ìgbà mìíràn kì í dunni títí ẹsẹ̀ afárá fi rà tán. Bí ẹsẹ̀ bá lọ, àlàfo eyín kan á di àlàfo mẹ́ta. Owó ọjà tí ẹ fi ṣe é ti wọgbó nìyẹn.

Nítorí náà, ẹ ṣe báyìí:

Ẹ fọ eyín láàárọ̀ àti kí ẹ tó sùn. Ẹ lo búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ àti ọṣẹ ìfọyín tí wọ́n kọ fluor sí lára. Ẹ dojú búrọ́ọ̀ṣì kọ ibi tí adé ti pàdé èrìgì, ẹ rọra fọ̀ ọ́.

Orin wa ńkọ́? Orin ìdí àti orin àta dára, ẹ má jù wọ́n nù. Ẹ rún un títí á fi rọ̀. Ṣùgbọ́n orin kò lè dé abẹ́ afárá. Lójoojúmọ́, ẹ gba abẹ́ eyín àárín náà kọjá pẹ̀lú òwú ìfọyín tí orí rẹ̀ le díẹ̀, tàbí búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín tí wọ́n ń tì sáàárín eyín. Levi Parmly ní Amẹ́ríkà ti ń gba àwọn èèyàn níyànjú láti fi òwú ṣẹ́dà ṣe bẹ́ẹ̀ láti 1819. Kí ẹ tó kúrò lọ́dọ̀ dókítà tó ṣe afárá náà, ẹ ní kó kọ́ yín, kí ẹ sì ṣe é lójú rẹ̀.

Bí ẹ bá jẹun lọ́jà, ẹ fi omi yọ́ ẹnu. Ẹni tó ń ṣe àlùwàlá, ẹ má kàn fi omi kan ètè. Ẹ yọ́ ọ dáadáa.

Ẹ má fi eyín ya omi inú ọ̀rá. Ẹ má fi ṣí ìdérí ìgò, ẹ má fi pa ẹ̀kùrọ́, ẹ má fi já okùn ẹrù. Sìsọ́ọ̀sì kò wọ́n tó afárá.

Ẹ jẹ́ kí dókítà eyín yẹ̀ ẹ́ wò ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà. Bí ẹ kò bá mọ ibi tó wà, ẹ bi nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn tó sún mọ́ yín.

Ẹ má dúró de oṣù mẹ́fà bí èrìgì bá ń ṣẹ̀jẹ̀, bí òórùn bá ń jáde lábẹ́ rẹ̀, bí omi tútù bá ń ta yín, tàbí bí afárá bá ń mì. Aboyún àti ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, ẹ túbọ̀ ṣọ́ra, torí èrìgì yín tètè ń wú. Bí afárá bá já bọ́, ẹ má fi gọ́ọ̀mù ọjà lẹ̀ ẹ́. Ẹ fi omi ṣàn án, ẹ fi sínú agolo kékeré tó mọ́, ẹ gbé e lọ bá dókítà. Ó ṣeé ṣe kó tún un lẹ̀.

Ìyá tí kò sì lówó afárá, kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Kó tọ́jú èyí tó kù lẹ́nu, kó sì kọ́ ọmọ rẹ̀ láti fọ eyín kó tó sùn. Eyín tí a bí mọ́ni kò ní símẹ́ńtì tó dà bíi tirẹ̀.

Ìyá tó ń fi ọwọ́ bo ẹnu yẹn, bó bá ṣe afárá, tó sì ń tọ́jú ẹsẹ̀ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì á ráyè ka owó.